Ó ń jẹ́ ènìyàn, ó ń jẹ́ béárì: Báwo ni Beorn ṣe tóbi tó?

Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Ẹni tó bá rí erin, kó sọ pé òun rí erin ni. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó bá rí Beorn yóò sọ? Bó bá wù ú, ọkùnrin gìrìpá ni. Bó bá tún yí padà, ó di béárì tí ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Dáfídì, ẹ ti gbọ́ orúkọ béárì rí. Òun pẹ̀lú kìnìún ni Dáfídì sọ fún Sọ́ọ̀lù pé òun pa. Kò sí i nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Ẹranko onírun ṣùkùṣùkù ni, ó sì lè dìde lórí ẹsẹ̀ méjì bí ènìyàn.

Inú ìwé The Hobbit, tí J.R.R. Tolkien kọ jáde lọ́dún 1937, ni Beorn ti wá. Peter Jackson, ọmọ New Zealand, ló sọ ìwé náà di sinimá mẹ́ta láàárín ọdún 2012 sí 2014. Sinimá kejì, The Desolation of Smaug, tó jáde lọ́dún 2013, ni Beorn ti kọ́kọ́ yọjú. Mikael Persbrandt, òṣèré ọmọ Sweden, ló ṣe é.

Ẹ gbé téèpù wá

Ẹ kọ́kọ́ wọn béárì gidi ná. Àwọn tó wà ní erékùṣù Kodiak, ní Alaska, wà lára àwọn tó tóbi jù láyé. Akọ tó bá sanra dáadáa lè tó kìlógíráàmù 680. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́tàlá ààbọ̀ nìyẹn! Bó bá dìde dúró, ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ bi káfíńtà tó ń kan sílíǹgì: orí ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

Ti Beorn tún ju ìyẹn lọ. Nígbà tó lé àwọn aràrá 13, Bilbo kékeré àti Gandalf baba onídán, ẹ̀rù bà wọ́n débi pé Bombur, tó sanra jù nínú wọn, ló sáré kọjá gbogbo wọn! Wọ́n bọ́ sínú ilé kan, béárì ki orí bọ ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn sì para pọ̀ ti ilẹ̀kùn kó tó pa dé. Ìgbà náà ni Gandalf tó ṣí wọn létí pé ẹni tó lé wọn gan-an ló ni ilé.

Níbo ni gbogbo ẹran ara yẹn ti wá? Tolkien kò sọ. Àwọn tó ń sọ ìtàn Ọya tó ń bọ́ awọ ẹfọ̀n náà kò gbé e sórí òṣùwọ̀n rí.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni

Kò sí béárì kankan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ilé iṣẹ́ Weta Digital ní New Zealand fi yà á. Òfìfo ni àwọn òṣèré ń sá fún! Àwọn aràrá ọ̀hún náà kì í ṣe aràrá. Richard Armitage, tó ṣe Thorin olórí wọn, ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Wọ́n á ṣe ohun èlò kan náà ní ńlá àti ní kékeré, wọ́n á wá ẹni gíga àti ẹni kúkúrú tí wọ́n á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á ya wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Iṣẹ́ náà le. Ian McKellen, tó ṣe Gandalf, sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé òun sunkún nígbà tí wọ́n fi òun nìkan sáàárín aṣọ aláwọ̀ ewé, tí kò sí aràrá kankan tí òun lè bá sọ̀rọ̀.

Kí ni títóbi náà wà fún?

Nínú ìwé, ìbínú ló ń mú Beorn tóbi sí i lójú ogun. Ó gbé Thorin tó fara gbọgbẹ́ jáde, ó padà wọlé, ó sì fọ́ Bolg, olórí ọ̀tá, mọ́lẹ̀. Nínú sinimá kẹta, tó jáde lọ́dún 2014, ó já bọ́ láti ẹ̀yìn ẹyẹ idì, ó di béárì kó tó kanlẹ̀, ó sì parí. Ẹlòmíì ló pa Bolg. Ẹni tó ka ìwé tó sì sanwó wọlé torí Beorn, gbèsè ló jẹ!

Ṣùgbọ́n sinimá kejì ti sọ èyí tó wọni lára jù. Ìdè irin kan ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ ọkùnrin ńlá yìí. Azog àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n há wọn mọ́ àgò, wọ́n ń fi ìyà wọn ṣeré. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi rọra gbé eku funfun kékeré kan lọ́wọ́ aràrá, tó sì ń bá wọn wí pé wọn ò ka ẹ̀mí ohun tó kéré jù wọ́n lọ sí nǹkan kan. Títóbi kò gba ìdílé Beorn lọ́wọ́ ìdè. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bó ti wù kó ga tó.