Ẹkùn Kì í Ṣe Táígà: Ohun Tí Ẹ Ó Máa Wò ní Sàfárì

Ọ̀rọ̀ Sùwàhílì ni sàfárì. Láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "ìrìn-àjò" lọ. Àwọn òyìnbó ọdẹ ló sọ ọ́ di ìrìn-àjò àtilọ pa ẹran. Lónìí, kámẹ́rà ni ọ̀pọ̀ ń gbé lọ.

Díẹ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń múra àtilọ sí Kẹ́ńyà àti Tànsáníà, ẹ sì ń béèrè ohun tí ẹ ó máa wò. Àwọn afinimọ̀nà níbẹ̀ máa dárúkọ ẹranko ńlá márùn-ún: erin, kìnnìún, ẹfọ̀n, àgbáǹréré àti ẹkùn. Ẹ má rò pé torí ìtóbi ni o. Erinmi tóbi ju kìnnìún lọ dáadáa, kò sì sí nínú wọn. Àwọn ọdẹ ló ṣa márùn-ún yìí jọ, torí pé àwọn ló léwu jù láti fẹsẹ̀ rìn dọdẹ.

Erin kò le láti rí, àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí." Ẹ sáà wo èyí tó ṣíwájú agbo, abo àgbà ni. Kìnnìún máa ń sùn lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ tètè jáde láàárọ̀. Ẹfọ̀n, ẹranko Ọya, ẹ wo ìpìlẹ̀ ìwo akọ rẹ̀ bó ṣe pàdé lórí bí akoto.

Ẹkùn gan-an ló mú mi kọ ìwé yìí. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ ìwé lónìí, wọ́n á ní táígà ni ẹkùn, àti pé àmọ̀tẹ́kùn ni èyí tó ní tótòtó lára. Ó ṣe jẹ́? Ilẹ̀ Éṣíà ni táígà ti wá. Kò sí baba ńlá wa tó bá a pàdé nígbó. Awọ ẹkùn tí àwọn ọba wa ń lò, ṣé ilà ló wà lára rẹ̀ ni, àbí tótòtó? Tótòtó ni. Ẹkùn yẹn náà ni ẹ ó rí ní Maasai Mara. Ẹ gbójú sókè wo ẹ̀ka igi. Ìrù rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí.

Bí ẹranko bá ti kúrò nílẹ̀ ẹni, orúkọ rẹ̀ á di aláìníbùgbé, ẹnikẹ́ni á sì lè gbé e fún ẹranko mìíràn. Ohun tó ń ṣe ẹkùn nìyẹn. Àgbáǹréré ńkọ́? Ní 2011 ni wọ́n kéde pé ẹ̀yà àgbáǹréré dúdú ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti tán láyé. Oníwo-lórí-imú yìí, ẹ ṣì lè rí àwọn ìbátan rẹ̀ ní Kẹ́ńyà.

Ẹ ó tún rí èyí tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa rárá. Orúkọ tí a fún un máa ń fi í hàn: "kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà" jẹ́ àpèjúwe tí a hun pọ̀, kò dà bí "erin" tàbí "ẹtu". Wildebeest ní tiẹ̀, tó ju mílíọ̀nù kan lọ ní agbègbè Serengeti, èmi ò mọ orúkọ Yorùbá kankan fún un. Ẹ lè sọ ọ́ lórúkọ tí ẹ bá débẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ẹkùn ní ẹkùn fún un.