Omi Inú Ìkòkò Ló Ń Wọn Ọkà

Ọkà àgbàdo ni oúnjẹ tó ń gbé ọ̀pọ̀ ilé ró ní Ahoyéyé, ní àgbègbè Pobè, títí dé Sakété àti àwọn ìlú yòókù ní ẹkùn Plateau, lórílẹ̀-èdè Benin. Ará Ìbàdàn tó bá gbọ́ orúkọ ọkà lè máa ro àmàlà dúdú, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n ń rò ní Plateau, òun náà ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní pâte. Ilé mìíràn ń rò ó lọ́sàn-án, wọ́n á tún rò ó lálẹ́. Ojú ni ọ̀pọ̀ alásè fi ń wọn iye tí yóò tó. Ojú náà kì í sábà ṣì í, àmọ́ ọjọ́ tó bá ṣì í, yálà kí ọkà ṣẹ́kù rẹpẹtẹ sínú abọ́, tàbí kí ọmọ máa fi ìka ha ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ohun tí èèyàn kì í sábà fiyè sí ni pé omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀n, kì í ṣe ìyẹ̀fun. Ẹni tó fẹ́ ro ọkà á gbé omi kaná. Á bu ìyẹ̀fun díẹ̀, á fi omi tútù pò ó kí ó má baà ní kókó, á dà á sínú omi tó ń hó, á sì máa rò ó títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ mímu. Nígbà tí ẹ̀kọ yìí bá ti hó dáadáa, alásè tó mọṣẹ́ á bù lára rẹ̀ sínú abọ́ kan, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Lẹ́yìn náà ni ìyẹ̀fun gbígbẹ á máa wọ inú ìkòkò, ẹ̀kúnwọ́ lé ẹ̀kúnwọ́, tí ọmọrogùn á sì máa yí i. Bí ó bá le jù, á da díẹ̀ padà nínú ẹ̀kọ tó bù sílẹ̀. Bí ó bá rọ̀ jù, á tún wọ́n ìyẹ̀fun sí i.

Ibi àtúnṣe yìí gan-an ni àṣẹ́kù ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi tó bá ti wọ ìkòkò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Iye ìyẹ̀fun tó máa sọ ọ́ di ọkà gidi ló máa tẹ̀ lé e wọlé, ebi ì báà pa ará ilé, ì báà má pa wọ́n. Alásè tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo nídìí omi kò lè fi ìyẹ̀fun díẹ̀ tún un ṣe. Abọ́ ẹ̀kọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ló ń kó o yọ. Bí ọkà inú ìkòkò bá ti tó iye tí ilé ń fẹ́, tó sì ti rọ̀ bó ṣe yẹ, kò sí ìdí tí ẹ̀kọ yẹn fi ní láti padà sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ á fi ṣúgà mu ún.

Lítà omi kan máa ń gba nǹkan bí 350 gíráàmù ìyẹ̀fun kí ọkà tó ṣeé bù lókèlè. Ilé tó fẹ́ kó le á sún mọ́ 400. Díẹ̀ nínú omi á bá ooru lọ, ohun tó kù nínú ìkòkò á sì lé díẹ̀ ní kílò kan àti ìdá mẹ́rin kílò. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọkà tó jẹ́ omi, ìdí nìyẹn tó fi ń yó èèyàn kíákíá. Ilé tí kò ní òṣùwọ̀n kò nílò láti lọ rà á. Agolo mílíìkì kékeré tó kún fún ìyẹ̀fun wọ̀n tó nǹkan bí 100 gíráàmù, agolo omi méjì tó dín díẹ̀ ló sì ń bá agolo ìyẹ̀fun kan lọ. Abọ́ tí wọ́n fi ń wọn àgbàdo lọ́jà kò ṣeé gbára lé fún irú ìṣirò yìí, torí ti ọjà kan kì í bá ti ọjà kejì mu, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n sì lè lawọ́ tàbí kó háwọ́. Agolo inú ilé kì í yí padà.

Àgbàlagbà tó ti oko dé máa ń jẹ ọkà tó ti inú agolo ìyẹ̀fun méjì jáde, ìyẹn nǹkan bí 700 gíráàmù ọkà tó jinná. Ó dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ ìyẹ̀fun 100 gíráàmù kò fún ara ju nǹkan bíi kálórì 360 lọ, nítorí náà agolo méjì kò ju 720 lọ kí a tó fi ọbẹ̀ kún un. Àjọ PAM, tí í ṣe Ètò Oúnjẹ Àgbáyé, máa ń fi kálórì 2,100 ṣe ìwọ̀n oòjọ́ ẹnì kan nígbà tó bá ń pín oúnjẹ fún àwọn tí ogun tàbí ọ̀dá lé kúrò nílé, ohun oníhóró bí ìrẹsì tàbí àgbàdo sì máa ń kó nǹkan bí 400 gíráàmù nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ agolo méjì lọ́sàn-án, tó tún jẹ méjì lálẹ́, kò jìnnà sí 400 gíráàmù yẹn rárá. Fún ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 150 gíráàmù ni àjọ náà sábà máa ń wọ̀n fún oúnjẹ ọ̀sán, òun kan náà ló sì bá ìjọba Benin bójú tó ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2017.

Bí a bá mú ilé ẹlẹ́ni méje, ìṣirò náà á lọ báyìí. Bàbá á gba agolo méjì, ọmọkùnrin ọdún 15 á gba méjì (bóyá kó tún wo ojú ìkòkò), ìyá á gba agolo kan àti díẹ̀ tó lé ní ààbọ̀, ọmọbìnrin ọdún 11 á gba bí ẹyọ kan àti ààbọ̀, ìyá àgbà á gba ẹyọ kan lé díẹ̀, ọmọ ọdún méje á gba ẹyọ kan, ààbọ̀ agolo á sì tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí agolo mẹ́wàá, ìyẹn kílò kan ìyẹ̀fun, tí yóò gba omi lítà mẹ́ta ó dín díẹ̀. Bí wọ́n bá ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àpò àgbàdo oníkílò 100 á gbé wọn dé nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọkà 300 gíráàmù tó bá ń ṣẹ́kù lójoojúmọ́ kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú, torí kò ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tó wà nínú rẹ̀ á ti tó nǹkan bíi kílò 30 kí ọdún tó yí po, ó sún mọ́ ìdá mẹ́ta àpò kan. Òjò ń rọ̀ nígbà méjì lọ́dún ní ẹkùn Plateau, àgbàdo sì ń jáde nígbà méjì: èyí tí wọ́n gbìn ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin ń wọlé ní oṣù keje sí ìkẹjọ, ti òjò àrọ̀kúrò sì ń wọlé nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, àgbàdo àtijọ́ ti ń tán, tuntun kò tíì gbó, owó rẹ̀ á sì gbéra. Ọkà àṣẹ́kù tí wọ́n dà fún ewúrẹ́ lóṣù kìíní ni ilé ń fi owó gọbọi rà padà nígbà náà.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde ní 2024 pé oúnjẹ tó ṣòfò ní gbogbo ayé ní 2022 lé ní bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan, àti pé inú ilé ni ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá rẹ̀ ti wá. Kílò 79 ni wọ́n ṣírò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Èèpo àti egungun wà nínú iye yẹn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹnu ìbá jẹ. Síbẹ̀ ó fi hàn pé kì í ṣe ilé àsè àti òtẹ́ẹ̀lì nìkan ni òfò ń gbé.

Agolo kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, torí ọbẹ̀ ló ń ti ọkà lọ. Ilá àti ewédú ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, òkèlè kì í pẹ́ lẹ́nu, ẹni tó ń jẹ ẹ́ kì í sì mọ ìgbà tí abọ́ fi ń gbófo. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó kún fún ẹja, tí epo léfòó lójú rẹ̀, tètè ń tẹ́ ikùn lọ́rùn, nítorí pé gíráàmù epo kan ní kálórì mẹ́sàn-án, ó ju ìlọ́po méjì ti ìyẹ̀fun lọ. Epo pupa kò sì jìnnà sí ará Pobè: ibẹ̀ ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ wà láti 1922. Alásè tó bá fẹ́ se ẹ̀gúsí lè yọ agolo kan sílẹ̀ láìbẹ̀rù. Ohun mìíràn wà tí àwọn ìyálé mọ̀ dáadáa: lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ọkà pọ̀ jù ló ṣe ṣẹ́kù, ọbẹ̀ ló tán kí ọkà tó tán. Ẹni tó bá sì rí i pé ọkà ń ṣẹ́kù léraléra, ìkòkò ọbẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìta gbangba náà ń jẹ lára ebi ilé. Ọmọ tó fi owó oúnjẹ ra ẹ̀wà àti gààrí nílé-ìwé, ọ̀gá kẹ̀kẹ́ tó ti jẹun lójú ọ̀nà Ìtà-Djèbou, wọn kì í padà wálé pẹ̀lú ebi kan náà. Ìbéèrè ìṣẹ́jú kan kí omi tó kaná, ta ló ti jẹun, ta ni kò ní sùn sílé, wúlò ju kí a máa ṣírò lẹ́yìn tí ọkà ti jinná. Ti àlejò lọ̀rọ̀ tó le. Kò sí ilé tó fẹ́ kí àlejò bá òfìfo abọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń ro tiẹ̀ mọ́ ti ilé lójoojúmọ́, bó wá, bí kò wá. Ó sàn kí ìyẹ̀fun àti ọbẹ̀ àlejò wà nílẹ̀ ju kí ọkà rẹ̀ wà nílẹ̀, torí láàárín ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n lè ro ọkà ẹnì kan, ìyẹ̀fun tí kò sì rí omi kì í bàjẹ́ lọ́la.

Bí wọ́n ṣe ń pín in tún ní tiẹ̀. Nínú agbo ilé olóbìnrin púpọ̀, ìyàwó tí ìdáná kàn á bu ti ọkọ lọ́tọ̀, á bu ti ìyá ọkọ, á wá da ti àwọn ọmọ sínú àwo ńlá kan. Àwo àwọn ọmọ kì í ṣẹ́kù, torí olúkúlùkù ń ṣọ́ ọwọ́ ẹnì kejì. Abọ́ bàbá ni wọ́n ń bù kún ju bó ṣe lè jẹ lọ, nítorí ọ̀wọ̀, àwọn ọmọ á sì jẹ èyí tó bá kù. Àṣà yìí kò fi oúnjẹ ṣòfò, àmọ́ ẹja tó wà nínú abọ́ náà kì í sábà kù fún wọn bí ọkà ṣe ń kù. Ilé tó ń bù ún ní abọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan lè kọ́kọ́ bu díẹ̀, kí ó jẹ́ kí ẹni tí kò yó padà wá. Ọkà tí ọwọ́ ò tíì kàn nínú ìkòkò ṣeé tọ́jú, ti inú abọ́ tí ọbẹ̀ ti rin kò ní ọjọ́ alẹ́.

Àwọn tó ń ta ẹ̀kọ ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé, ewé gẹdú pàápàá, ní ìdì kéékèèké, ìdì tí ẹnikẹ́ni ò bá tú kì í ṣe àjẹkù. Ògì ti kan kí wọ́n tó sè é, ìkan yẹn kì í sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí ráyè nínú rẹ̀, òun ló ń mú kí ẹ̀kọ lo ọjọ́ kan sí méjì láìbàjẹ́. Ọkà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun gbígbẹ rò kò ní ààbò bẹ́ẹ̀.

Ọkà tó bá ṣẹ́kù á le tó bá tutù, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ooru ló tú sítáàṣì inú rẹ̀ tó fi mu omi. Tó bá tutù, ó tún ń so pọ̀, ọkà á sì gan. Tí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí i, tí wọ́n sì gbé e kaná pẹ̀lú ìdérí, á padà rọ̀. Ẹlòmíràn ń gé e pẹlẹbẹ, á fi epo dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata fún àárọ̀, èyí tí àwọn ọmọ sì fẹ́ràn ju ọkà gan-an lọ. Ohun tó léwu ni kó dúró lọ́wọ́ọ́rọ́ nínú ìkòkò láti alẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé oúnjẹ tó jinná kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjì lọ, àfi kó gbóná ju ìwọ̀n 60 Celsius lọ tàbí kó tutù dé ìwọ̀n 5. Bakitéríà kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus tí èso rẹ̀ kì í kú nínú ìkòkò tó ń hó, tí oró tó bá sì ti tu sínú oúnjẹ oníyẹ̀fun lè má kúrò bí wọ́n tilẹ̀ tún un sè. Nítorí náà, nínú oṣù Ramadan, tí ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ní Sakété ń jẹ ọkà alẹ́ ní sààrì, ibi tí kò bá sí fíríìjì, ó dára kí wọ́n bu ti sààrì ní ìyẹ̀fun, kí wọ́n rò ó lójú ẹsẹ̀.

Èyí tí kò bá ṣeé jẹ mọ́, àgùntàn, ewúrẹ́ àti adìẹ wà fún un, ìdí kan náà tó fi ṣọ̀wọ́n kí a rí ọkà lórí ààtàn ní abúlé. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n fi ọkà tó ti bu, tí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé ti hù lára rẹ̀, fún ẹran ọ̀sìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tó kú nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí irú èéhù bẹ́ẹ̀ ti bà jẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kó o sínú àká máa ń ní oró kan náà, sísè kì í sì í lé e jáde.