Gígun àpáta ní Catalonia: Àpáta kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀

Tí wọ́n bá dárúkọ Barcelona, bọ́ọ̀lù ló máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn. Àmọ́ àwọn kan wà tó ń balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú ìlú náà tí wọn ò bá ti bọ́ọ̀lù wá rárá. Okùn ló wà nínú àpò wọn. Àpáta ni wọ́n wá gùn.

Kí ló wà níbẹ̀ gan-an? Kí ló dé tí èèyàn á fi owó wọkọ̀ òfurufú nítorí òkúta? Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilẹ̀ kan, oríṣiríṣi àpáta

Barcelona ni olú ìlú Catalonia, agbègbè kan ní àríwá ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè Spéènì. Òkun Mẹditaréníà wà lápá kan, àwọn òkè Pyrenees tó pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé sì wà lápá kejì. Òkè tó ga jù níbẹ̀, Pica d'Estats, ga tó mítà 3,143.

Èyí ló fà á tí kò fi sí ìgbà tí wọn ò ní ríbi gùn. Tí òtútù bá dé, wọ́n á lọ síbi tí oòrùn ń ràn sí, bíi Garraf tó wà létí òkun. Tí ooru bá mú, wọ́n á forí lé òkè gíga bíi Pedraforca. Mítà 2,506 nìyẹn, orí rẹ̀ sì pín sí méjì bíi fọ́ọ̀kì.

Montserrat: Kọnkéré tí èèyàn ò pò

Montserrat ò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 sí Barcelona. Ilé àwọn mọ́ńkì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ère Màríà dúdú tí àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ń rìnrìn àjò lọ wò.

Láyé ọjọ́un, odò ló gbé òkúta róbótó-róbótó wá, tó kó wọn jọ, tí gbogbo rẹ̀ sì dì mọ́ra wọn. Tí ẹ bá ti rí kọnkéré tí wọn ò rẹ́ rí, ẹ ti mọ bó ṣe rí. Orí àwọn òkúta róbótó yẹn ni wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Agbára apá nìkan ò lè gbéni dókè níbẹ̀, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀ jẹ́jẹ́ ló máa débẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé òkúta kan lè yọ mọ́ni lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà iṣẹ́ náà fi máa ń ní kí àpáta gbẹ dáadáa lẹ́yìn òjò kéèyàn tó sún mọ́ ọn.

Ọdún 1935 ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ gun àpáta ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Cavall Bernat dé òkè, nígbà tí irinṣẹ́ òde òní ò tíì sí.

Siurana: Ibi tí ọbabìnrin ti fò

Abúlé kékeré ni Siurana, ó jókòó sí góńgó àpáta. Odi ìlú àwọn Mùsùlùmí ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tó túúbá kẹ́yìn ní Catalonia, ní nǹkan bíi ọdún 1153. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé dípò kí ọ̀tá mú ọbabìnrin wọn, ó gun ẹṣin rẹ̀, ó sì fò sí ọ̀gbun. Títí dòní ni wọ́n ń fi ojú ẹsẹ̀ ẹṣin kan han àlejò lórí àpáta.

Àpáta ibẹ̀ jẹ́ irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ńtì. Ó dán, ibi tí ọwọ́ lè dì mú sì lè má ju orí ìka lọ. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ La Rambla. Alexander Huber, ará Jámánì, gùn ún lọ́dún 1994. Nígbà tí wọ́n fa ọ̀nà náà gùn sókè sí i, Ramón Julián Puigblanqué ló kọ́kọ́ parí rẹ̀ lọ́dún 2003, ọkùnrin tí kò sì ga rárá ni.

9a+ ni wọ́n fún ọ̀nà yẹn. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sókè ni ọ̀nà ń le sí i, a, b àti c sì tún pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Ní Oliana, Chris Sharma, ọmọ Amẹ́ríkà, la ọ̀nà kan tó ń jẹ́ La Dura Dura. Ó gbìyànjú títí, kò rí i ṣe. Ó wá jẹ́ kí Adam Ondra, ọmọ ilẹ̀ Czech, bá a dá sí i. Ondra parí rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2013, Sharma náà sì parí rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. 9b+ ni.

Okùn tó kúrú ń pa èèyàn

Àpáta Oliana ga, ẹ sì fetí sí èyí dáadáa. Tí ẹni tó gùn bá dókè, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tó di okùn mú nísàlẹ̀ ló máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Okùn yẹn máa lọ sókè, á tún padà wálẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tó jẹ́ mítà 40 ń fẹ́ okùn tó tó mítà 80, ó kéré tán. Tí okùn bá kúrú, ìdí rẹ̀ á yọ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, ẹni tó wà lókè á sì já bọ́.

Kí ni oògùn rẹ̀? Kókó kan péré, tí wọ́n ta sí ìdí okùn. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ká tó kúrò nílẹ̀ ló yẹ ká ti wò ó.

Igún àti ará abúlé

Ní Mont-rebei, àfonífojì tó pààlà Catalonia àti Aragon, ògiri àpáta kan ga tó nǹkan bíi mítà 500. Igún ń yé ẹyin síbẹ̀. Tí àsìkò bá tó, wọ́n á ti apá kan pa títí ọmọ ẹyẹ á fi fò. Montserrat náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Margalef ní tirẹ̀ ò ju abúlé èèyàn bíi 100 lọ. Àwọn tó ń gun àpáta ló ń gba yàrá, àwọn ló ń ra búrẹ́dì àti kọfí. Tí wọ́n bá da ìdọ̀tí sílẹ̀, tàbí tí wọ́n gbé mọ́tò dí ọ̀nà oko olólífì, ta ló máa tún fẹ́ rí wọn?

Bí ẹ ò tilẹ̀ ní gùn ju àtẹ̀gùn Olúmọ lọ láyé yín, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣì kàn wá. Àlejò tó bá wọ ilé onílé, kó kọ́kọ́ béèrè òfin ilé. Irú òkúta wo nìyí? Ṣé ó ti gbẹ? Okùn mi tó o? Ta ló ń gbé ibẹ̀ kí n tó dé? Ẹni tó bá bi ara rẹ̀ báyìí ló máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé.