Ohùn Orin àti Ohùn Ọ̀rọ̀: Orin Ìyìn Àtijọ́ ti Amẹ́ríkà ní Ẹnu Yorùbá

Ní ọdún 1770 ni William Billings tẹ ìwé orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Boston. Ohùn ènìyàn nìkan ni a fi ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀, láìsí dùùrù. Ní 1801, William Little àti William Smith mú orin kíkà rọrùn fún gbogbo ènìyàn: àmì onígun mẹ́ta ni fa, roboto ni sol, onígun mẹ́rin ni la, onígun mẹ́rin tí ó fi igun kan dúró ni mi. Irú àmì yìí ni a fi kọ The Sacred Harp, tí ó jáde ní 1844 láti ọwọ́ àwọn ará Georgia.

Láti Georgia yìí kan náà ni Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1850. Ó dé Ìlọrin ní 1855. Wọn kò gbà á láyè láti dá ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì yà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Àwọn orin wọ̀nyí kò ṣàjèjì tó bí a ti rò. Ìró márùn-ún péré ni ó wà nínú New Britain, ohùn orin tí William Walker so mọ́ "Amazing Grace" ní 1835. Ìró márùn-ún ni ó sì wọ́pọ̀ nínú orin Yorùbá. Ibi tí ìjà wà ni ọ̀rọ̀. Bí ohùn orin bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí a ti ń kọ "ọ̀run", "ọrùn" ni etí yóò gbọ́, ìrètí onígbàgbọ́ a sì di ẹ̀yà ara. Bí ẹsẹ kìíní tilẹ̀ bá ohùn orin mu, ẹsẹ kejì kò ní í bá a mu, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Olùkọ́ tí ó wà ní Òkè-Oyi kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ọ̀nà mìíràn. Nínú wákà àwọn Mùsùlùmí Ìlọrin, ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣíwájú, ohùn orin a sì máa tẹ̀ lé e. Ọ̀nà yìí ni Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, là sílẹ̀ fún orin ìjọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1953.

Níbi tí kò bá sí dùùrù, aṣáájú lè yí ohùn orin padà díẹ̀ fún ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tẹ́nọ̀ ni ó ń gbé ohùn orin gan-an nínú orin Amẹ́ríkà wọ̀nyí. Bí ó bá yà, àwọn ohùn yòókù gbọ́dọ̀ bá a yà.