Bàtà Àwọn Sámi àti Orúkọ Tí Àjèjì Fún Un

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fi òwe yìí yẹ bàtà onírun ti àríwá Yúróòpù wò yóò rí i pé orúkọ tí òkìkí rẹ̀ kàn lágbàáyé kò ti ilé àwọn tó ni ín wá.

Àwọn Sámi, tí ilẹ̀ wọn tàn dé Nọ́wè, Swídìn, Fínlándì àti Rọ́ṣíà, ló ń rán an láti inú awọ àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù. Ní èdè Sámi ti àríwá, gáma ni bàtà. Nuvttohat ni èyí tí a fi awọ onírun ti ẹsẹ̀ ẹran náà rán. Awọ orí ni ti gállohat, nítorí pé gállu túmọ̀ sí iwájú orí. Orúkọ wọ̀nyí ń fi iṣẹ́ ọwọ́ hàn.

Ìmọ̀ pọ̀ nínú bàtà náà. Koríko gbígbẹ tí a ti lù rọ̀ ni a ń fi sínú rẹ̀ dípò ìbọ̀sẹ̀. Ó ń fa òógùn mu, ó sì ń pa ooru mọ́. Ní àtẹ́lẹsẹ̀, a máa ń kọ irun awọ méjì sí ara wọn kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ṣóńṣó iwájú tó yí sókè ń há sínú okùn pákó ìyọ̀rìn orí yìnyín. Ọ̀já híhun tí a ń wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí yìnyín wọlé, àwọ̀ àti ọnà ara rẹ̀ sì ń fi agbègbè ẹni tó wọ̀ ọ́ hàn.

Èdè àwọn aládùúgbò yá lára ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Komag ti Nọ́wè wá láti inú gáma. Nutukas ti Fínlándì wá láti inú nuvttohat. Ṣùgbọ́n àwọn ará Nọ́wè tún pe bàtà onírun náà ní finnesko, ìyẹn “bàtà Finn”. Finn ni wọ́n ń pe Sámi láyé àtijọ́, bí orúkọ ìpínlẹ̀ Finnmark ṣe jẹ́rìí sí i.

Orúkọ yìí ni èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà. Nínú ìrìn àjò Carsten Borchgrevink sí Ańtákítíkà ní ọdún 1898 sí 1900, Sámi méjì, Per Savio àti Ole Must, wà lára ènìyàn 10 tó kọ́kọ́ lo ìgbà òtútù lórí ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọlẹ́yìn Robert Scott náà wọ finnesko. Lónìí, ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ náà lè rò pé bàtà Fínlándì ni. Bàtà náà rìn jìnnà, ṣùgbọ́n orúkọ tó bá a rìn ti bo ojú àwọn tó rán an. Ìdí nìyí tí pípe nuvttohat ní nuvttohat fi jẹ́ dídá ohun onílé padà fún onílé.