Dókítà Wo Nìyẹn?

Oyè dókítà ni yunifásítì fi ń parí ẹ̀kọ́. Kò sí ìwé ẹ̀rí mìíràn lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, orúkọ kan náà yìí ni wọ́n ń pe ẹni tó fi ọdún gbọọrọ ṣe ìwádìí, oníṣègùn ọsibítù, dókítà ẹran, ọlọ́lá tí yunifásítì fi oyè dá lọ́lá, àti ẹni tó kàn sùn lálẹ́ tó sì jí ní dókítà láàárọ̀. Ní agbègbè Ọ̀jọ́, láti Ìyànà-Ìbà títí dé Okokomaiko, kò sí èyí tí èèyàn ò lè bá pàdé nínú wọn. Ibẹ̀ ni ọgbà àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà, èyí tí òfin dá sílẹ̀ ní 1983 nígbà ìjọba Alhaji Lateef Jakande. Jakande fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ìròyìn ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká, kì í ṣe oyè yunifásítì.

Èyí tó ṣòroó gbà jù nínú wọn ni PhD. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni Doctor of Philosophy, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbà á nínú kẹ́mísírì tàbí nínú èdè Yorùbá lè má ka ìwé filọ́sọ́fì kan ṣoṣo rí. Àṣà àtijọ́ ló fi orúkọ yẹn sílẹ̀. Ní Bologna àti Paris, ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, àṣẹ láti kọ́ni ni oyè dókítà jẹ́. Àwọn yunifásítì Jámánì, tí ti Berlin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1810 ṣíwájú wọn, ló sọ ọ́ di oyè ìwádìí. Yale ló kọ́kọ́ fúnni ní PhD ní Amẹ́ríkà, ní 1861, Oxford kò sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ títí di 1917. Àwọn ọmọ Yorùbá kò pẹ́ kí wọ́n tó dara pọ̀: Nathaniel Fádípẹ̀ gba tirẹ̀ ní Yunifásítì London ní 1939, lórí ìgbé ayé àwọn Yorùbá gan-an. Nígbà tó di 1971, kò pọn dandan mọ́ kéèyàn wọkọ̀ òkun nítorí rẹ̀, torí pé Wándé Abímbọ́lá gba PhD lórí lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọka, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yunifásítì náà fún ní oyè yẹn.

Ní LASU, bíi ti àwọn yunifásítì yòókù, ẹni tó bá fẹ́ ṣe PhD gbọ́dọ̀ ti gba máásítà pẹ̀lú máàkì tó gbámúṣé. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń kà sí i fún ẹni tí kò ṣe nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ta ló wá rí bẹ́ẹ̀ ṣe? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ PhD ló ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ lọ́wọ́, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, a gùn lé ìyanṣẹ́lódì, alábòójútó a rìnrìn àjò, ọdún a sì máa gorí ọdún.

Ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìwé tó nípọn bí kò ṣe ìmọ̀ tuntun. Ká ní omi kànga Okokomaiko ni ẹnì kan fẹ́ wádìí. Kó kàn sọ pé omi náà kò dára kò tó. Àwọn ará àdúgbò tó ń ra omi inú ike ti mọ̀yẹn kó tó dé. Yóò bu omi nínú kànga púpọ̀, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò wọn irin àti iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀, yóò ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ lórí irú omi bẹ́ẹ̀, yóò sì wá fi hàn pé ohun tí òun rí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Láàárín gbùngbùn iṣẹ́ yìí, yóò máa jáde síwájú àwọn olùkọ́ ẹ̀ka rẹ̀ ní sẹminá, wọn á sì máa tú u wò bí ẹni ń wá òkúta nínú ìrẹsì.

Ọjọ́ tó le jù ni ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní “defence.” Olùyẹ̀wò kan á ti yunifásítì mìíràn wá, tòun ti ẹ̀dà ìwé náà tó ti fi báírò pupa kọ nǹkan sí létí. Yóò ṣí i sí ojú ewé kan, á ní níbo ni wọ́n ti rí iye yìí, kí ló dé tí kò bá ti orí kẹta mu? Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló máa dáhùn. Alábòójútó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀. Bí ó bá yege, àtúnṣe ni wọ́n sábà máa ń ní kó lọ ṣe, lẹ́yìn náà ló tó lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń di ìwé ní páálí líle, tí wọ́n ń fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tẹ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Síbẹ̀, kò tíì di Ọ̀mọ̀wé. Àfi bí Sẹ́néètì yunifásítì bá fọwọ́ sí i.

Dókítà ọsibítù kò gba ọ̀nà yìí. Ẹni tó jáde ní LASUCOM, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tí LASU dá sílẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1999, MBBS, ìyẹn Bachelor of Medicine, Bachelor of Surgery, ló gbà. Oyè àkọ́kọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀rọ̀ dókítà kò sì sí nínú orúkọ rẹ̀ rárá: ọ̀kan jẹ́ ti ìṣègùn, èkejì jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di dókítà lẹ́nu aráyé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Dókítà ẹran ló wá ya èèyàn lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ gbangba: DVM, Doctor of Veterinary Medicine. Ọmọ Nàìjíríà tó bá dé ọsibítù ní London lè tún rí ìyàlẹ́nu mìíràn. Oníṣẹ́ abẹ àgbà níbẹ̀ kì í jẹ́ Dr. Mr tàbí Miss ló ń jẹ́, ọlá ni wọ́n sì kà á sí.

Kéèyàn wọ mọ́tò níwájú LASU, kó dorí kọ Àgbádárìgì, kò ní pẹ́ kan Ìjànìkin, níbi tí National Postgraduate Medical College of Nigeria wà. Òfin ìjọba ológun ti 1979 ló gbé e dìde. Àwọn oníṣègùn tó fẹ́ di ọ̀gá nínú ìtọ́jú ọmọdé, iṣẹ́ abẹ, ìgbẹ̀bí àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣe ìdánwò ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù ńlá fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹni tó bá yege a di “fellow,” ìgbà yẹn ló lè di kọ́ńsọ́táǹtì. Ìjà sì ti wà lórí èyí: ṣé fellowship tó PhD fún ẹni tó ń kọ́ni ní yunifásítì? Àwọn tó ń ṣàkóso yunifásítì fẹ́ kí oníṣègùn tó ń kọ́ni ní PhD. Àwọn kọ́ńsọ́táǹtì ní kí ni àwọn tún fẹ́ fi ṣe, nígbà tó jẹ́ pé àwọn làwọn ń kọ́ gbogbo dókítà. Àwọn méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ sọ. PhD ń wọn bí èèyàn ṣe lè wádìí ohun tuntun, fellowship ń wọn bó ṣe lè tọ́jú aláìsàn tó ń kú lọ, ẹni tó bá sì kó méjèèjì pọ̀ kò ní rí ìdáhùn kankan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní tirẹ̀ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ipò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Olùkọ́ yunifásítì á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á di Lẹ́kítọ̀ Kejì, á di Lẹ́kítọ̀ Kìíní, á di Olùkọ́ Àgbà, lẹ́yìn náà Igbákejì Ọ̀jọ̀gbọ́n, kó tó wá kan òkè. Ní ìpele òkè yẹn, wọn a kó àwọn ìwé àti àpilẹ̀kọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì mìíràn kí wọ́n sọ bóyá ó tó. Bí ó bá gorí rẹ̀ tán, ó yẹ kó jáde sọ ohun tó mọ̀ fáráyé gbọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́ṣe. Ní LASU, gbọ̀ngàn Buba Marwa ló sábà máa ń ti wáyé. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kì í bọ́ lára rẹ̀ bí ipò mìíràn bá bọ́. Jadesọlá Àkàndé, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, ṣe gíwá LASU láti 1989 di 1993. Nígbà tó fi àga gíwá sílẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣì ń jẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 2012 fi ọjọ́ ìfẹ̀yìntì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sí ẹni 70 ọdún, ti àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì tí kì í ṣe olùkọ́ sí 65.

Nítorí pé ipò ni, èèyàn lè dé ibẹ̀ láìní PhD. Wọlé Ṣóyínká kò ṣe PhD. Oyè ọlá ni Yunifásítì Leeds fún un ní 1973, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó ti ṣe. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní professor láti ọjọ́ tó bá ti wọṣẹ́. Ti Professor Peller, onídán ọmọ Ìsẹ́yìn, tún yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn. Orúkọ orí ìtàgé ni, kò sì sí ẹni tó wòran rẹ̀ tó rò pé Sẹ́néètì ló fún un.

Oyè ọlá kò ní ìdánwò nínú. Ẹ̀bùn ni yunifásítì fi ń yẹ́ ẹni tó ṣe ohun ńlá sí, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1864, ọdún tí wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Oxford fún un ní Doctor of Divinity. Kwame Nkrumah gba ti Lincoln ní Amẹ́ríkà ní 1951. Òun àti Nnamdi Azikiwe, kò sí èyí tó parí PhD nínú wọn, síbẹ̀ Dr ni gbogbo Áfíríkà ń pe àwọn méjèèjì, ó sì jọ pé ibẹ̀ ni àṣà náà ti wọ àwọn ọlọ́lá ayé òde òní lára. Nígbà tó di 2012, àwọn gíwá yunifásítì Nàìjíríà pàdé ní Keffi, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹni tó gba oyè ọlá kò gbọ́dọ̀ fi Dr ṣíwájú orúkọ rẹ̀, àti pé kí wọ́n má fún ẹni tó wà nípò ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà kò dé etí àwọn tó ń tẹ báńà. Lójú títì Okokomaiko, báńà ọjọ́ ìbí tàbí ìpolongo ìbò kan lè kó Dr, Olóyè, Alhaji àti ambásádọ̀ jọ ṣíwájú kó tó kan orúkọ ẹni.

Orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi, wọn a ní. Títì tó gba iwájú LASU kọjá náà ló lọ sí Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu, ibẹ̀ sì ni oníròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan ti gba ìwé ẹ̀rí oyè àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní 2023, láì jókòó ní kíláàsì, tó tún fi í dé ètò àgùnbánirọ̀, NYSC. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó kàwé níbẹ̀ lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú dókítà tí ẹnì kan jẹ́ lè bèèrè yunifásítì tó fún un, ọdún tó gbà á, àti àkòrí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ẹni tó ṣe PhD kì í gbàgbé àkòrí yẹn, ẹ̀dà ìwé náà sì wà ní ilé ìkàwé yunifásítì tó ti gbà á. Oníṣègùn ní ìwé àṣẹ MDCN, àjọ tó ń bójú tó àwọn oníṣègùn, tó gbọ́dọ̀ máa tún ṣe lọ́dọọdún kó tó lè tọ́jú aláìsàn. Yunifásítì tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, kò bá mọ̀ nílẹ̀ yìí, oyè tó bá fúnni kò lè gbani síṣẹ́ ìjọba.