Àgbá Ìwúsí: Àtúnṣe Rẹ̀, Ìpààrọ̀ Rẹ̀ àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́

Irú ọkọ̀ kan wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà tí ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ẹni tí ó ni ín sì lè fi oṣù mélòó kan gbé inú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí a bá pè é ní ilé-ọkọ̀, ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí lálẹ́ ni ọmọ Yorùbá yóò rò. Bí a bá sì pè é ní ọkọ̀ agbélé, ohun tí kì í jáde rárá ni orúkọ náà ń júwe, bẹ́ẹ̀ ìrìn-àjò ni iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Nítorí náà, ọkọ̀-ilé ni yóò máa jẹ́ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ náà ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Àgbá kan tí kò tóbi púpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, nítòsí ẹ́ńjìnnì, tí ó jẹ́ pé bí ó bá ń jò tí a kò sì tètè mọ̀, ẹ́ńjìnnì olówó ńlá lè nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìtọ́ni lórí bí a ṣe ń tún àgbá yìí ṣe sí èdè Yorùbá yóò rí i pé orúkọ àìtọ́ kan ṣoṣo tó láti bó òǹkàwé lójú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ó ń ṣe, nítorí ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì a máa ti ohun olómi kan yí ara irin tí epo ń jó nínú rẹ̀ ká. Ohun olómi náà a gba ooru, a sì gbé e lọ sínú rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn fáànù yóò ti gbà á lọ. Ohun olómi a sì máa wú bí ó bá gbóná. Bí kò bá rí àyè wú sí, họ́ọ̀sì ni yóò bẹ́. Ìdí nìyí tí a fi gbé àgbá kan sí ibi tí ó ga jù lọ nínú gbogbo ètò náà, tí a kì í sì í rọ ọ́ kún dé ẹnu. Àyè òfìfo tí ó kù lókè rẹ̀ ni ohun olómi ń wú sí. Ibẹ̀ náà ni atẹ́gùn tí ó há sínú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde kúrò nínú ìṣàn. Láti ìsàlẹ̀ àgbá ni họ́ọ̀sì nínípọn kan ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹnu pọ́ǹpù, kí pọ́ǹpù má baà fa òfìfo.

Ìdérí tí ó dé àgbá náà ní sípíríǹgì nínú. Kì í jẹ́ kí ohunkóhun jáde àfi bí ìfúnpá inú àgbá bá kọjá iye tí a kọ sára rẹ̀. Pọ́n-ùn 15 lórí ínǹṣì kan níbùú-lóròó jẹ́ iye kan tí ó wọ́pọ̀. Ìfúnpá yìí ni kì í jẹ́ kí ohun olómi tètè hó. Omi lásán a máa hó ní 100 dígírì Celsius ní etí òkun. Ní ojú ọ̀nà tí ó jáde láti Denver lọ sí ìwọ̀-oòrùn, níbi ihò abẹ́ òkè tí a sọ ní orúkọ Eisenhower, tí ó ga tó nǹkan bí 3,400 mítà, nǹkan bí 89 dígírì ni omi inú ìkòkò tí a kò dé ti ń hó. Ẹ́ńjìnnì tí ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ilé lórí lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ láìṣe àìsàn kankan. Àdàlù omi ìlàjì àti glycol ìlàjì, lábẹ́ ìdérí pọ́n-ùn 15 ní etí òkun, kò ní hó títí yóò fi dé nǹkan bí 129 dígírì. Àdàlù kan náà kì í dì títí òtútù yóò fi lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 37 dígírì lábẹ́ òdo.

Ó ti pẹ́ tí àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti ń pe ohun tí ó wà nínú rédíétọ̀ ní omi. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí, nítorí omi ni ọ̀pọ̀ wọn ń dà sí i ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìtọ́ni, ọ̀rọ̀ náà léwu ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní, ẹni tí a bá sọ fún pé omi ti dín yóò bu omi kún un. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, glycol yóò pòórá díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, àti pẹ̀lú rẹ̀ àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Èkejì, omi gbígbóná kò bà ẹni tí ó bá ti se ẹ̀bà rí lẹ́rù. Yóò rò pé bí ohun tí ó wà nínú àgbá bá ti dákẹ́ tí kò hó, ó ṣeé ṣí. Bẹ́ẹ̀ ìfúnpá nìkan ni ó mú un dákẹ́. Ìgbà tí a bá yọ ìdérí ni yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì tú sókè sí ojú àti àyà. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Májèlé ni ethylene glycol, ó sì dùn lẹ́nu. Ajá a máa lá a, ọmọdé náà sì lè mu ún. Ohun tí a bá sọ ní omi kò lè lé ọmọdé sẹ́yìn.

Orúkọ wo ni kí a wá fún un? Oje kò tọ́, nítorí ohun jíjẹ àti mímu ni oje. Orúkọ tí ó dá lórí dídì, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn, kò tọ́ fún ará Ìbàdàn tí kò rí omi tí ó dì rí àfi nínú fíríìjì: yóò ní kò kan òun, kò sì ní ra á, bẹ́ẹ̀ ìdènà ìhó àti ìdènà ìpẹtà tí ó wà nínú rẹ̀ kan ará Ìbàdàn gidigidi. Amẹ́rọtutù sàn ju méjèèjì lọ, nítorí iṣẹ́ ni ó sọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé fáànù àti rédíétọ̀ náà ń mú ẹ̀rọ tutù. Bí a bá fi àdàlù ṣíwájú rẹ̀, tí ó di àdàlù amẹ́rọtutù, òǹkàwé mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí a pò pọ̀ ní ìwọ̀n ni, pé kì í ṣe omi, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ bu kún un gbọ́dọ̀ bu irú rẹ̀ gan-an. Nínú ṣọ́ọ̀bù, àdàlù nìkan yóò tó. Kò sí ìbẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni yóò rò pé ẹ̀wà àti àgbàdo ni.

Ní ti àgbá fúnra rẹ̀, ohun méjì tí ó jọra wà tí Gẹ̀ẹ́sì pàápàá a máa pè ní orúkọ kan náà ní ẹnu àwọn oníṣòwò. Ọ̀kan jẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó kàn ń gba ohun tí ó bá tú jáde láti abẹ́ ìdérí rédíétọ̀. Ìfúnpá kò sí nínú rẹ̀. Ìgò àkúnwọ́sílẹ̀ ni kí á máa pe ìyẹn. Èkejì wà nínú ìṣàn gan-an, ó ń ru ìfúnpá bí rédíétọ̀ ti ń rù ú. Òun ni àgbá ìwúsí. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onígírámà lásán. Ẹni tí àgbá ìwúsí rẹ̀ sán, tí ó wá lọ ra ìgò àkúnwọ́sílẹ̀ nítorí pé àwọ̀ àti ìtóbi wọn bára mu, ohun tí yóò bẹ́ ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ gun òkè ni ó rà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ṣe iṣẹ́ ribiribi fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ilé mẹkáníìkì kò sí lára ohun tí ó dáwọ́ lé. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kan ti lè sun ènìyàn.

Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan gbòógì fún jíjò. Yorùbá ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí aṣògbufọ̀ má ṣe fi í ṣòfò. Bí àdàlù bá ń yọ díẹ̀díẹ̀ lójú ibi tí a ti so ike méjì pọ̀, ó ń sun. Bí ó bá ń bọ́ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán ní ẹnu họ́ọ̀sì, ó ń kán, ó sì lè jẹ́ pé ìdè họ́ọ̀sì ni ó tú, tí sukurudíráfà nìkan yóò tó o. Bí ara ike bá là, àgbá ti sán, bí ìkòkò ti í sán. Bí ìpẹtà bá jẹ irin ní ojú kan, ó ti lu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àtúnṣe tirẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá kọ "ó ń jò" sí ojú gbogbo wọn ti gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

Ọ̀nà tí a fi ń wá ojú ibi tí ó ń jò kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sùúrù. Nínú ọkọ̀-ilé, fáànù ńlá tí ó wà lẹ́yìn a máa fẹ́ ẹ̀kán káàkiri, débi pé ibi tí ó tutù lè jìnnà sí ibi tí ó sán. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù pátápátá, a óò fi pọ́ǹpù ọwọ́ tí ó ní aago ìwọ̀n sí ẹnu àgbá ní ipò ìdérí, a óò sì pọn ìfúnpá dé iye tí a kọ sára ìdérí náà, láìkọjá a. Bí ọwọ́ aago bá ń lọ sílẹ̀, a óò tan iná wo ojú ìsopọ̀, ìdí họ́ọ̀sì àti abẹ́ irin tí ó gbé àgbá dúró. Èérún aláwọ̀ tí ó gbẹ mọ́ ibì kan jẹ́ ẹ̀rí tí kì í purọ́. Bí ọwọ́ aago bá ń lọ sílẹ̀ tí ìta sì gbẹ, ọ̀ràn náà lè ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, bóyá tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Àgbá kò jẹ̀bi.

Àgbá onírin tí ó sán tàbí tí ó lu ṣeé jó. Wẹ́dà tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Alumíníọ́mù fẹ́ iná mànàmáná pẹ̀lú gáàsì argon, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń jó géètì ni a lè gbé e fún. Lẹ́yìn náà ni a óò rọ omi kún un, tí a óò sì fi ìfúnpá dán an wò lórí tábìlì. Omi ni kí á lò, kì í ṣe atẹ́gùn: bí ojú jíjó náà bá ya, omi kàn máa tú ni, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí a fún pọ̀ lè sọ irin bí òkò.

Ti ike yàtọ̀. Ike tí ooru ti gbó fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í sán ní ojú kan kí ó má sán ní òmíràn. Gọ́ọ̀mù kì í sì í di polyethylene àti polypropylene mú dáadáa, nítorí ara wọn ń yọ̀. Ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn lè gbé ọkọ̀ dé ìlú tí ó wà nítòsí. Ìpààrọ̀ ni àtúnṣe rẹ̀.

Níbi ìpààrọ̀, àdàlù tí a fà jáde gbọ́dọ̀ wọ inú bàsíà tí ó ní ìdérí. A kò gbọdọ̀ dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí a tó yọ họ́ọ̀sì, kí a so àmì mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tín-ínrín tí ó ń wọlé lókè jẹ́ ọ̀nà èémí, nítorí atẹ́gùn ni wọ́n ń gbé jáde. Nínípọn ìsàlẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìfikún. Bí wọ́n bá ṣi ipò, pọ́ǹpù yóò máa mí dípò kí ó máa mu. Kí àgbá tuntun dúró sí ibi gíga tí ti àtijọ́ wà, kí rọ́bà sì wà láàárín rẹ̀ àti irin tí ó gbé e, nítorí gbígbọ̀n ojú ọ̀nà ni ó ń sán púpọ̀ nínú wọn. Ìdérí tuntun kò wọ́n, ó sì yẹ kí á rà á pọ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú iye ìfúnpá kan náà.

Rírọ àdàlù padà kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Họ́ọ̀sì kan a máa gùn láti ẹ̀yìn ọkọ̀-ilé dé iwájú kí awakọ̀ lè rí ooru yá, nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn ó tún ń mú omi ìwẹ̀ gbóná. Atẹ́gùn a sì máa fara pamọ́ sínú gbogbo ìgbọ̀nwọ́ wọn. A óò rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, a óò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí tẹ́mọ́sítáàtì yóò fi ṣí, a óò pa á, a óò dúró kí ó tutù, a óò sì tún wò ó. Lẹ́yìn ìrìn-àjò kìíní àti ìkejì, a óò wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi wíwò yìí náà ni ọ̀rọ̀ kan tún ti dènà de aṣògbufọ̀. Ìlà tí ó wà lára ọ̀pọ̀ àgbá a máa ní ọ̀rọ̀ COLD lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ "òtútù" sí i ti sọ fún òǹkàwé pé ìlà ìgbà ọyẹ́ ni, yóò sì wá ìlà mìíràn fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ara ẹ́ńjìnnì ni COLD yẹn ń sọ, kì í ṣe ojú ọjọ́. "Ìlà ìgbà tí ẹ̀rọ tutù" gùn díẹ̀ fún ara ike kékeré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kà á tí yóò ṣí ìdérí nígbà tí ẹ̀rọ ṣì gbóná láti wo ìlà náà.